Mọ́sà Jíkí Bàbá Télọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ tí a sin bàbá bàbá mi, ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé wá bá wa gbé abọ́ òfìfo dání. Ọ̀gá Fẹ́líìsì ni, ará Ìbò tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà lọ́jà Singer, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Niger Street. Ó wọ ṣòkòtò aláwọ̀ eérú kan, ó gbé abọ́ náà mọ́ àyà, ojú rẹ̀ sì ti wú fún ẹkún. Àwọn ẹbí wa tó wá láti Ọ̀ffà rò pé oúnjẹ ló wá tọrọ nílé ọ̀fọ̀. Àbúrò Bàbá kan tiẹ̀ fẹ́ lé e síta. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀, pé ẹni tó bá mọ Bàbá Télọ̀ dénú kò lè wá sílé wọn láàárọ̀ láìgbé abọ́ dání. Wọ́n wò mí bíi pé ọ̀fọ̀ ti dà mí lórí rú. Inú bí mi, mo sì pinnu lọ́jọ́ náà pé mo máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àárọ̀ kùtù ni wọ́n bí àwọn, nítorí pé ara àwọn ò gba oorun ọ̀sán. Ohun tó dájú ni pé ọmọ Ọ̀ffà ni wọ́n, pé télọ̀ ni wọ́n, pé wọ́n ti wà ní Kánò kí wọ́n tó bí bàbá mi, àti pé wọ́n mọ ìbàdí gbogbo ọkùnrin àdúgbò ní ínṣì.

Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Bí télọ̀ mìíràn bá rí i pé ikùn oníbàárà ti yọ, á kàn tú ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò, á fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó parí. Bàbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń rántí ìwọ̀n ẹni láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bí ó bá sì ti kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1974, Fẹ́líìsì gbé ṣòkòtò aláwọ̀ eérú yẹn wá lẹ́ẹ̀kẹta, pé kí wọ́n bá òun fẹ̀ ẹ́ de Kérésì. Bàbá na teépù yí i ká, wọ́n wo nọ́ńbà, wọ́n tún un wò, wọ́n sì dá ṣòkòtò padà fún un.

“Baba Tela,” ni Fẹ́líìsì wí, “na trouser I bring o. I no bring my belle.”

Bàbá tún gba ṣòkòtò náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. “Fẹ́líìsì, wetin this trouser do you? Ṣòkòtò yìí ò ṣẹ̀ ẹ́.”

Fẹ́líìsì bínú lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá pinnu pé àwọn máa tún ìbàdí gbogbo Niger Street ṣe.

Àwọn Hausa ń pe eré ìdárayá ní motsa jiki, ìyẹn ni pé kéèyàn mi ara rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá ti wà ní Kánò nígbà yẹn. Wọ́n ń fi Hausa ra òwú, wọ́n ń fi í jà, wọ́n ń fi í ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ahọ́n Ọ̀ffà ò jẹ́ kí wọ́n rí “ts” yẹn pè láyé. “Mọ́sà jíkí” ni wọ́n ń pè é. Ẹ sì jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé ìyàwó wọn, ìyá àgbà mi tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá, ń dín mọ́sà níwájú ilé wa láràárọ̀. Mọ́sà náà rọ̀, ó dùn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Bompai kì í kọjá láìyà rà á.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Alaasari, Bàbá dìde lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ará, lọ́la lẹ́yìn àsùbáà, mọ́sà jíkí wà nílé mi. Ọ̀fẹ́ ni, tọmọdé tàgbà. Ẹ mú aládùúgbò yín wá.”

Àdúgbò dé. Àwọn tí kì í kírun pàápàá dé. Ara ni jíkí lédè Hausa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wá nínú mọ́sà. Àwọn kan ní mọ́sà tó ní ẹyin nínú ni, àwọn kan ní bí wọ́n ṣe ń dín in ní Sókótó ni. Olúkúlùkù sì gbé abọ́ dání. Nígbà tí Bàbá jáde síta pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti fìlà, tí wọ́n rí ènìyàn bí ogójì tó tò sínú ọgbà tàbọ́ tàbọ́, inú wọn dùn débi pé omi lé sójú wọn. Wọn ò béèrè ohun tí abọ́ wà fún. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níta nìyẹn.

“Ẹ gbé abọ́ yín sókè!” ni wọ́n pariwo.

Àwọn ènìyàn gbé abọ́ sókè. Ta ló máa kọ̀? Wọ́n rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bu mọ́sà sí i. Bàbá ní kí gbogbo wa lóṣòó, gbogbo wa lóṣòó. Wọ́n ní ká dìde, a dìde. Ìyá ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ojú ń tì wọ́n. Kí ogójì ènìyàn gbé abọ́ òfìfo kúrò nílé ẹni tó ń dín mọ́sà, Ìyá ò lè gbà á. Ni wọ́n bá gbé agbada kaná, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Láti ọjọ́ yẹn, fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, abọ́ ni a fi ń ṣe eré ìdárayá ní ilé wa, mọ́sà kan sì ni èrè rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi padà ṣàlàyé àṣìṣe náà fún Bàbá, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, “Abọ́ náà ń fún apá lágbára.”

Kíkà wọn tún wà níbẹ̀. Hausa ni wọ́n fi ń kà: daya, biyu, uku, títí dé tara, èyí tó jẹ́ mẹ́sàn-án, àti goma, èyí tó jẹ́ mẹ́wàá. Goma ni a ń retí ká tó lè sọ abọ́ kalẹ̀. Bàbá á sáré ka ìyókù bí ẹni tí òjò ń lé, wọ́n á dé orí tara, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. “Tara...” Wọ́n á wo apá Fẹ́líìsì. (Ó ti padà wá, mọ́sà ló gbé e wá.) “Tara...” Wọ́n á lọ tún àga wọn ṣe. “Tara...” Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi wá sílẹ̀ lórí tara, wọ́n lọ wọn kafutáànì fún oníbàárà kan, wọ́n sì padà wá bá wa. Màlàm Sání, mai ruwa tó ń fi igi ru páànù omi méjì kiri àdúgbò ní gbogbo ọjọ́, tó jẹ́ pé òun nìkan nínú wa ni kò nílò eré ìdárayá kankan, ló kígbe pé, “Baba Tela, ina goma?” Níbo ni goma wà?

Bàbá ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. “Ó ń bọ̀,” ni wọ́n sọ. “Ó ṣì ń wọ bàtà lọ́wọ́.”

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn mọ ni, ẹ̀rín nìkan ni mi ò bá máa rín. Ṣùgbọ́n Bàbá ní òfin kan. Wọ́n gbà pé ẹnu ló ń kọ́kọ́ ṣàìsàn kí ara tó dara pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ nínú ilé wa pé ara òun ò yá. Tí wọ́n bá kí ẹ, “Lafiya lau” ni wà á dá wọn lóhùn, tàbí “Àlàáfíà ni.” Wọ́n fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jọra. Wọ́n máa ń sọ pé lórí ohun kan ṣoṣo yẹn ni Yorùbá àti Hausa ti fẹnu kò. Ẹni tó bá ṣèèṣì fẹnu pe àìsàn, á sáré yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kódà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú.

Àwa ọmọ ta ọgbọ́n sí i. Orí kì í fọ́ wa, “orí ń kí mi” ni. Inú kì í run wá, inú wa ń “ṣèpàdé”. Lọ́dún kan tí ibà mú mi tí eyín mi ń gbá ara wọn, Bàbá bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Hausa ni àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò fi máa ń fèsì, ni mo bá ní, “Lafiya lau, Baba. Rawa nake yi.” Mo ní ijó ni mò ń jó.

“To, Àbẹ̀kẹ́, máa jó o,” ni Bàbá sọ. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n lọ ra oògùn ibà. Ẹ rí i pé wọ́n gbọ́ èdè wa. Gbogbo ilé ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí òfin náà ká. Ìyá nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Ìyá gba ọkọ wọn gbọ́ tọkàntọkàn, mi ò sì tíì mọ̀ títí dòní bóyá kí n yìn wọ́n ni àbí kí n bá wọn jà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ títí gbogbo ilé á fi pé yí àwo ńlá kan ká. Kí a tó bù ú, oníkálukú á sọ ohun rere kan tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà. Bàbá mi, Rájí, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìkòkò irin ní Bompai. Ohun rere tirẹ̀ ò yí padà láyé: “Ẹ̀rọ ò gé mi lọ́wọ́.” Bàbá á mi orí bíi pé wọn ò gbọ́ ọ rí. “Ọlọ́run ṣeun. Ẹlòmíràn ńkọ́?” Ìyá á ní, “Mọ́sà tán.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e lọ fún ọdún pípẹ́.

Nígbà tó di ọyẹ́ ọdún kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó kan Ìyá, wọn ò sọ pé mọ́sà tán. Wọ́n ronú pẹ́. Wọ́n wá ní, “Ọwọ́ òsì mi wà dáadáa.”

A rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa pátá, Bàbá náà sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀tún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣíbí tí wọ́n fi ń yí mọ́sà bọ́ lọ́wọ́ Ìyá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, wọn ò sì lè dìde mọ́. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá gbé wọn sórí ẹ̀yìn, wọ́n sáré dé ojú títì kí bàbá mi tó rí mọ́tò dá dúró. Ní ọsibítù, dókítà béèrè lédè Hausa pé kí ló ń ṣe ìyá yìí. Bàbá dúró ṣánṣán, àárẹ̀ ò tíì jẹ́ kí wọ́n mí délẹ̀.

“Lafiya lau,” ni wọ́n sọ.

Dókítà wo Ìyá, ó wo Bàbá. “Kí lẹ wá ń ṣe níbí?”

“A wá kí yín ni.”

Bàbá mi ló tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sọ òtítọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀ náà. Ó bi Ìyá bóyá ara ti ń fi nǹkan hàn wọ́n tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ yẹn, Ìyá ní ó ti di ọjọ́ mẹ́fà tí ọwọ́ ọ̀tún ti wúwo, tó ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Bàbá mi kígbe. Ó ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni?

“Mi ò lè sáré yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta,” ni Ìyá sọ. “Mọ́sà á jóná.”

Dókítà ní òun á ṣe ohun tí òun lè ṣe, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé ọwọ́ náà á tún gbé nǹkan. A fi Ìyá sílẹ̀ ní ọsibítù, a padà sílé. Èmi bínú sí wọn lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mi ò kí wọn.

Nígbà tó di àárọ̀, àdúgbò dé pẹ̀lú abọ́. Bàbá jáde, wọ́n dúró síbi tí wọ́n máa ń dúró sí, fìlà wọn wà lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ara ìyàwó mi ò yá.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí etí wa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. “Mo rò pé àìsàn ni mò ń lé jáde. Ìyàwó mi ni mo dí lẹ́nu.” Wọ́n wá ṣe ìṣirò náà síta, bí ẹni tó fẹ́ gé aṣọ: ọjọ́ mẹ́fà ni Ìyá fi pa á mọ́ra, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni fún ọjọ́ kan, ó di ẹ̀ẹ̀méjìdínlógún. Wọ́n ká agbádá sínú ṣòkòtò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni o. Ewúrẹ́ ilé wa rò pé eré ni, ó tẹ̀ lé wọn. Màlàm Sání gbé páànù omi rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń sáré lẹ́yìn wọn kí omi má bàa jìnnà tí wọ́n bá ṣubú. Omi ń dà sí ewúrẹ́ lára. Nígbà tí wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀karùn-ún, tí mímí wọn ti ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ, Fẹ́líìsì ò lè wò ó mọ́. Ó pariwo, “Eighteen! E don do! Eighteen!”

“Fẹ́líìsì,” ni Bàbá sọ bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, “má ka tèmi bí o ṣe ń ka ṣúgà!”

Wọ́n sáré é pé. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì kí wọn.

Ìgbà tí Ìyá dé láti ọsibítù, Bàbá fi ẹfun télọ̀ fa ìlà sára ògiri, láti orí itan Ìyá lọ sókè, ínṣì kan sí ìkejì. Láràárọ̀, wọ́n á gbé àga Ìyá sí ìdí ògiri náà, wọ́n á fi ọ̀já aṣọ so abọ́ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n á sì kà. Daya, biyu, uku, lọ tààrà dé goma, láìdúró lórí tara rárá. Ọwọ́ náà ò kúrò lórí itan. Ní òwúrọ̀ kejì, bákan náà. Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ohun tí a rí ni ọwọ́ kan tí kò mira àti ọkùnrin kan tó ń fayọ̀ kà á dé mẹ́wàá. Fẹ́líìsì, tí apá tirẹ̀ ń gbọ̀n lórí tara, fi ẹjọ́ sùn. Ó ní, “Why her own goma dey quick come?”

“Goma tèmi ni mo fún un,” ni Bàbá dá a lóhùn.

Abọ́ náà kọ́kọ́ kúrò lórí itan ní ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ìlà kan péré ni. Bàbá na teépù sí i, wọ́n ní ó lé díẹ̀, wọ́n sì pe bàbá mi kó wá jẹ́rìí. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, Ìyá ti ń rìn, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí mọ́sà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń jóná. Bàbá ló ń jẹ gbogbo èyí tó jóná, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bo abọ́ wọn ká má bàa rí i. Òfin náà yí padà pẹ̀lú. Tí a bá ti jókòó yí àwo ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun rere kan, á sì sọ ohun kan tó ń dùn ún. Bàbá mi ní, “Ẹ̀rọ ò gé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ló ń dùn mí.”

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tó kan Bàbá fúnra wọn, àyà ló bẹ̀rẹ̀ sí dùn wọ́n. Wọn ò fi pamọ́. Màlàm Sání wá kí wọn, ó ní, “Baba Tela, ya jiki?” Ara ńkọ́? Bàbá wo apá wọn tó ti gbẹ, wọ́n ní, “Sání, ara yìí ti tóbi jù mí lọ. Mo fẹ́ dá a padà.” Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n kú sórí àga wọn, teépù wà lọ́rùn wọn, Ìyá sì di ọwọ́ wọn mú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún.

Mo padà sí àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Lẹ́yìn Fẹ́líìsì, Màlàm Sání dé pẹ̀lú abọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Bompai fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n wọlé pẹ̀lú abọ́. Ọgbà kún. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Gbogbo wa dúró, a ń wo ibi tí Bàbá máa ń dúró sí. Àwọn ẹbí Ọ̀ffà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá jáde láti inú yàrá, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n lọ dúró síbẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ sókè, àwa náà gbé e. “Daya,” ni Ìyá wí. “Biyu.” Ohùn wọn kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́. Wọ́n ń kà á lọ títí wọ́n fi dé orí tara, ni wọ́n bá dúró.

A retí. Omijé ń ṣàn wọ ọrùn Fẹ́líìsì, kò lè nù ún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú náà bá a mu wẹ́kú, wọn ò fẹ̀ ẹ́ rí. Àbúrò Bàbá tó fẹ́ lé e jáde ti wá ọmọrí ìkòkò kan gbé sókè. Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá ti kọjá ìlà ẹfun tó ga jù lọ lára ògiri. Màlàm Sání ló rọra béèrè pé, “Iya, ina goma?”

Ìyá ò wo ẹ̀yìn.

“Ẹ má tíì sọ ọ́ kalẹ̀,” ni wọ́n sọ. “Ó ṣì ń wọ bàtà lọ́wọ́.”